Ògiri Kan, Onílé Méjì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan ẹbí la sábà máa ń fi òwe yìí sọ, ṣùgbọ́n lónìí, ẹ jẹ́ ká gbà á bó ṣe dún gẹ́lẹ́. Ògiri gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ògiri tó wà láàárín ilé tèmi àti ilé tiyín, tí kì í ṣe tèmi nìkan, tí kì í sì ṣe tiyín nìkan. Bó bá lanu, ta ni yóò dí i? Ta ni yóò ra sìmẹ́ǹtì? Bí ọ̀sọ̀rọ̀ tó ń bọ́ láti orí páànù Lágbájá bá ń jẹ ìdí ilé Tàmẹ̀dù, ta ló yẹ kó fi gọ́tà sí i?

Ẹni tó bá ti gbé ìgboro rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Mo mọ àwọn onílé méjì tí wọ́n jọ ń gbé oúnjẹ ọdún ránṣẹ́ síra wọn fún ọdún mọ́kànlá, tí gọ́tà kan ṣoṣo sọ di ọ̀tá. Ọmọ ti ibí kò gbọdọ̀ kí ìyá ti ọ̀hún mọ́. Wọ́n gba lọ́yà, wọ́n wọ́ra wọn lọ sí kóòtù, owó tí wọ́n ná tó ra gọ́tà fún odindi àdúgbò, omi ò sì dẹ́kun jíjò. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ìyẹn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó wá ń jẹ mí lọ́kàn ni pé, bí kóòtù nìkan kò bá lè parí ìjà ògiri, kí ló ń parí rẹ̀?

Inú ìtàn ìlú Lọ́ńdọ̀n ni mo ti wá ìdáhùn lọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹbí wa ló ń gbé ibẹ̀ títí di òní, tí wọ́n sì ti di onílé níbẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn ará ibẹ̀ gbọ́n jù wá lọ o. Ohun tó mú mi yàn án ni pé wọ́n ti ń kọ ọ̀rọ̀ ìjà ògiri sínú ìwé láti nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, ìwé náà sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á.

INÁ LÓ KỌ́KỌ́ KỌ́ WỌN LỌ́GBỌ́N

Láyé ìgbà náà, igi ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ní Lọ́ńdọ̀n, koríko ni wọ́n sì fi ń bo orí rẹ̀. Ní ìgbà Ọba Stephen, tó jọba láti 1135 sí 1154, iná ńlá kan sọ. Láti ìdí afárá odò Thames ló ti jó lọ títí dé ṣọ́ọ̀ṣì St. Clement Danes, tó wà lẹ́yìn odi ìlú. Lẹ́yìn iná yìí, àwọn olówó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta kọ́lé. Nígbà tí iná mìíràn bá sì tún sọ, bó bá ti kan ilé olókùúta, ibẹ̀ ló máa ń dúró sí. Ará ilé kejì á wá rí i pé ògiri aládùúgbò òun ló gba òun là.

Ibí ni ọgbọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ògiri òkúta wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó kọ́ ọ nìkan ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Báwo ni kí ẹni méjì ṣe pín ìnáwó rẹ̀? Ìwé òfin kan wà tí wọ́n máa ń ka ọjọ́ orí rẹ̀ sí 1189, nígbà tí Henry FitzAilwin, méyọ̀ àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀n, wà lórí oyè. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò le rárá. Bí aládùúgbò méjì bá fẹ́ mọ ògiri òkúta sáàárín ara wọn, kí oníkálukú yọ̀ǹda ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ nínú ilẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n dáwó jọ, kí wọ́n mọ ọ́n ní ẹsẹ̀ bàtà 3 ní ìnípọn, kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 16. Ògiri náà di ti àwọn méjèèjì.

Bí ọ̀kan kò bá lówó ńkọ́? Òfin náà kò ní kó lọ jókòó. Ó ní kí onítọ̀hún yọ̀ǹda gbogbo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ilẹ̀ tirẹ̀, kí ẹni tó lówó wá fi owó ara rẹ̀ mọ ògiri lé e lórí. Ẹni tó mú ilẹ̀ wá yóò ní ìdajì ògiri náà, bí ẹni tó mú owó wá ṣe ní ìdajì. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tí kò ní náírà, ilẹ̀ ni kó fi ṣe owó. Kò sí ẹni tó jẹ́ ọlọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí wọ́n tì síta nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan.

Wọn kò gbàgbé gọ́tà. Bí ògiri bá jẹ́ àjọni, wọ́n lè jọ lo gọ́tà tí yóò gba omi òrùlé ilé méjèèjì. Bí kò bá jẹ́ àjọni, kí oníkálukú gba omi òrùlé rẹ̀ sórí ilẹ̀ ara rẹ̀, tàbí kó wá ọ̀nà darí rẹ̀ sí títì. Kó má ṣe dà á sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Wọn kò gbàgbé sáláńgá pẹ̀lú. Bí o bá fi òkúta mọ inú rẹ̀, kó jìnnà sí ilẹ̀ aládùúgbò rẹ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀. Bí o kò bá fi òkúta mọ ọ́n, kó di mẹ́ta àbọ̀. Èmi mọ sáláńgá kan nílùú wa níhìn-ín tó jẹ́ pé ogiri yàrá ìdáná ẹlòmíràn ló fẹ̀yìn tì, bẹ́ẹ̀ 1189 ti pẹ́.

WỌ́N LỌ FOJÚ RÍ I

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin yẹn ló wú mi lórí jù. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń dá ẹjọ́ náà ni. Bí ẹnìkan bá fẹjọ́ sùn pé ògiri aládùúgbò òun fẹ́ wó lu òun, tàbí pé omi rẹ̀ ń ba ilé òun jẹ́, méyọ̀ àti àwọn ìgbìmọ̀ ìlú kì í jókòó sí ààfin kí wọ́n máa gbọ́ atótónu. Wọ́n á dá ọjọ́, ọjọ́ Ẹtì ló sábà máa ń jẹ́, wọ́n á dìde, ó di ibi ìdí ògiri. Ibẹ̀ ni olùpẹ̀jọ́ yóò ti rojọ́, ibẹ̀ náà ni ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ yóò ti fèsì, ojú gbogbo wọn á sì wà lára ibi tó sán. Nígbà tó yá, wọ́n tún ní àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ òkúta àti ọ̀gá káfíńtà tí wọ́n ti búra fún ìlú, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa yẹ irú nǹkan báyìí wò, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí láìṣègbè.

Àkọsílẹ̀ àwọn ẹjọ́ yìí láti 1301 sí 1431 kò ṣègbé. Ẹ gbọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní ọdún 1314, àwọn aládùúgbò fẹjọ́ obìnrin kan sùn, Alice Wade lorúkọ rẹ̀. Gọ́tà kan wà tó ń gba abẹ́ ilé àwọn ènìyàn kọjá, tí omi òjò ń gbà lọ. Ìyá yìí wá fi ọ̀pá onígi so ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà nínú ilé rẹ̀ mọ́ gọ́tà náà. Kò pẹ́ tí gọ́tà fi dí, tí òórùn sì gba ilé onílé kan. Àwọn ìgbìmọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní kó yọ ọ̀pá rẹ̀ kúrò láàárín 40 ọjọ́. Ó tán. Wọn kò wádìí bóyá ìyá àgbà yìí máa ń kí èèyàn láàárọ̀ tàbí kò kí i, wọn kò sì bi í léèrè ẹni tó kọ́kọ́ bú ẹnìkejì. Ọ̀pá ló ṣẹ̀. Kí ọ̀pá kúrò níbẹ̀.

Bí mo ti ń ka àwọn ẹjọ́ wọ̀nyí, ohun kan ń hàn sí mi. Nígbà tí ìjà bá wà ní ẹnu, kì í tán, nítorí pé ẹnu kì í tó ọ̀rọ̀ tì. Nígbà tí wọ́n bá gbé e lọ síbi ògiri, ó máa ń kéré. Ohun tí àwa méjì pè ní ìwọ̀sí àti ìyànjẹ nínú ilé, bí a bá dé ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ẹni kẹta, a lè wá rí i pé bíríkì márùn-ún ló yọ.

ONÍLÉ ÀTI AYÁLÉGBÉ LẸ́YÌN INÁ 1666

Lọ́jọ́ 2 oṣù September, 1666, iná mú ilé oníbúrẹ́dì kan ní Pudding Lane. Kó tó kú, ó ti jó nǹkan bí 13,200 ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì 87. Ìjà tó wá tẹ̀ lé e kì í ṣe ti aládùúgbò sí aládùúgbò nìkan mọ́, ti lándílọ́ọ̀dù àti ayálégbé ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ìlú náà ló gba ilé fún ọdún gbọọrọ, bí ọdún 21 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ti fọwọ́ sí i nínú ìwé àdéhùn pé àwọn ni yóò máa tún ilé ṣe, àti pé owó ilé kò gbọdọ̀ dúró. Ilé wá jóná kanlẹ̀. Lándílọ́ọ̀dù ní: “Ìwé rèé, ìwọ lo fọwọ́ sí àtúnṣe, lọ kọ́ ọ.” Ayálégbé ní: “Ilé tó ku ọdún mẹ́rin kí n gbé e lé ọ lọ́wọ́, kí n kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀? Ká má rí i!” Bí wọ́n bá tẹ̀ lé ìwé nìkan, lándílọ́ọ̀dù jàre. Ṣùgbọ́n bí gbogbo lándílọ́ọ̀dù bá jàre báyìí, ayálégbé á sá lọ, ilẹ̀ á hu igbó, ìlú á sì dahoro.

Ìjọba dá kóòtù pàtàkì kan sílẹ̀ nítorí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1667, Kóòtù Iná ni wọ́n ń pè é. Ní Clifford's Inn ló ti ń jókòó. Adájọ́ mẹ́ta tó láti gbọ́ ẹjọ́, wọn kò sì gba owó kankan fún iṣẹ́ náà. Wọ́n ní àṣẹ láti yí àdéhùn padà: wọ́n lè fi ọdún kún ọdún ayálégbé tó bá fẹ́ kọ́lé, wọ́n lè dín owó ilé rẹ̀ kù, wọ́n sì lè ní kí lándílọ́ọ̀dù gba ilẹ̀ rẹ̀ padà kó kọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló lágbára láti kọ́ ọ, kí sì ni ẹnìkejì lè fi ràn án lọ́wọ́ tí ìnira náà kò fi ní í dá wọ ẹnìkan lọ́rùn? Ẹjọ́ tí wọ́n parí lé ní 1,500. Inú ará ìlú dùn sí wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi san owó fún John Michael Wright kó ya àwòrán àwọn adájọ́ náà, gbogbo wọn jẹ́ 22, kí wọ́n lè gbé e kọ́ sí gbọ̀ngàn ìlú. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìgbà wo lẹ gbọ́ gbẹ̀yìn pé àwọn tó lọ sí kóòtù dáwó ya àwòrán adájọ́?

Ní ọdún 1667 yẹn náà ni òfin àtúnkọ́ ìlú jáde. Bíríkì tàbí òkúta ni kí gbogbo ilé jẹ́. Ní ti ògiri àárín, kí apá kan rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ eléyìí, kí apá kejì wà lórí ilẹ̀ tọ̀hún. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rówó, kó mọ ọ́n. Bó bá di ọjọ́ tí ẹnìkejì fẹ́ kọ́ tirẹ̀, tó fẹ́ fi ilé ti ògiri náà, yóò san ìdajì owó tí wọ́n fi mọ ọ́n, yóò sì fi èlé pọ́n-ùn 6 lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún kún un. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ́lé kò pàdánù, ẹni tó kẹ́yìn kò sì jẹ ògiri ọ̀fẹ́.

Ta ló ń lọ wo ibi tí ìjà bá ti ṣẹlẹ̀? Àwọn sọ̀féyọ̀ ìlú ni. Ọ̀kan nínú wọn ni Robert Hooke, ọ̀mọ̀ràn tó jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ “cell” nínú ìmọ̀ ohun alààyè, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1665. Ọkùnrin tí gbogbo ayé mọ̀ sí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ yìí, ó máa ń gbé okùn ìwọ̀n kiri inú eérú Lọ́ńdọ̀n, tí yóò dúró sáàárín onílé méjì tó ń jà, tí yóò wo ìpìlẹ̀, tí yóò sì kọ ohun tó rí sílẹ̀.

ṢÍMÍNÌ TI PECKHAM

Òfin ń yí padà, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ kò yí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Lọ́ńdọ̀n ló ní òfin ògiri àárín tó kún jù. Èyí tí wọ́n tún ṣe ní 1939 ni wọ́n lò títí di òpin ọ̀rúndún tó kọjá. Ní 1996, ìjọba ṣe òfin tuntun tó kan gbogbo England àti Wales, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 1 oṣù July, 1997. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé mo lò ó.

Peckham ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé nígbà náà, nínú ọ̀kan nínú àwọn ilé àtijọ́ tó so kọ́ra láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò dé òpin rẹ̀. Ẹni tó ni ilé kejì kò gbé inú rẹ̀, ó fi ń háyà ni. Láàárín òrùlé wa méjèèjì, ṣímínì kan ṣoṣo ló wà, ìyẹn ilé bíríkì tí èéfín ń gbà jáde, ó sì ti ń ṣẹ́. Bí òjò bá ti rọ̀, omi á máa kán sínú yàrá àwọn ọmọ wa. Mo kọ lẹ́tà sí onílé kejì pé ká jọ tún un ṣe. Ó fèsì pé ọ̀dọ̀ tòun gbẹ táútáú. Ṣé ẹ rí i? Omi ò mọ ẹni tó ni ìdajì.

Ohun tí òfin 1996 ní kí n ṣe ni pé kí n kọ ìwé ìfitónilétí, kí n sọ iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe, kí n sì fún un lóṣù méjì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá gbà, ó tán. Bó bá kọ̀, ìjà wà nílẹ̀. Bó bá sì dákẹ́ títí ọjọ́ 14 fi kọjá, òfin gbà pé ìjà wà nílẹ̀ náà nìyẹn. Ìdákẹ́jẹ́ kò gba ẹnikẹ́ni là. Nígbà tí ìjà bá wà, ẹ̀yin méjèèjì lè fẹnu kò sórí sọ̀féyọ̀ kan, tàbí kí oníkálukú mú tirẹ̀. Bó bá jẹ́ méjì ni, àwọn méjèèjì ni yóò yan ẹni kẹta tí yóò là wọ́n bí wọn kò bá rẹ́. Bí ẹnìkejì bá sì kọ̀ tí kò mú ẹnikẹ́ni, o lè kọ lẹ́tà sí i pé o fún un ní ọjọ́ 10. Lẹ́yìn ìyẹn, o lè bá a yan tirẹ̀.

Onílé kejì dákẹ́. Mo kọ lẹ́tà ọlọ́jọ́ mẹ́wàá. Ní ọjọ́ kẹjọ, tẹlifóònù dún. Ó ní kò sí ìjà, ká lo sọ̀féyọ̀ kan, kí ìnáwó má pọ̀.

Sọ̀féyọ̀ náà dé, ó gun òkè, ó ya fọ́tò ilé méjèèjì nínú àti lóde kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan bíríkì, kó lè jẹ́ pé bí ògiri ẹnìkan bá sán nígbà iṣẹ́, a ó mọ èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ó wá kọ ìdájọ́. Ó ní nínú irú àtúnṣe yìí, ohun méjì ni òfin ní kí òun wò: báwo ni oníkálukú ṣe ń lo nǹkan náà, àti pé ta ló jẹ̀bi bó ṣe bàjẹ́. Ṣímínì jẹ́ ti àwa méjèèjì ní dọ́gbadọ́gba, nítorí náà ká pín owó rẹ̀ sí méjì. Ṣùgbọ́n igun kan wà tí àwọn ayálégbé ilé kejì kan àwo tẹlifíṣọ̀n mọ́, tí ìṣó fọ́ bíríkì ibẹ̀. Onílé kejì ni kó dá ìyẹn san. Mo ní kó san gbogbo owó sọ̀féyọ̀ pẹ̀lú. Sọ̀féyọ̀ ní rárá, ká pín in. Inú mi kò dùn, ṣùgbọ́n mo sanwó. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn nínú wa ní ọjọ́ 14 láti gbé ìdájọ́ náà lọ sí kóòtù. Kò sí ẹni tó lọ. Iṣẹ́ parí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èmi àti ọkùnrin náà kò di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, ṣùgbọ́n bó bá wá gba owó ilé rẹ̀, ó máa ń juwọ́ sí mi, èmi náà á juwọ́ padà.

Kí n má parọ́, òfin yìí kò kan gbogbo nǹkan. Bí gọ́tà bá jẹ́ ti aládùúgbò rẹ nìkan, tí omi rẹ̀ ń ba ilé rẹ jẹ́, òfin ògiri àárín kọ́ ni yóò mú un tún un ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní káńsù, tí wọ́n jọ wolé-wolé tiwa, lè fìwé pàṣẹ fún un lábẹ́ òfin 1990, bí ìbàjẹ́ náà bá léwu fún ìlera. Bó bá sì jẹ́ pé ògiri tìrẹ lo fẹ́ tún ṣe, tí kò sí ibi tí o lè gbé àkàbà lé àyàfi inú ọgbà aládùúgbò tó kọ̀ jálẹ̀, òfin 1992 wà tí kóòtù lè fi là ọ̀nà fún ọ.

Ẹ JẸ́ KÁ WÁLÉ

Ẹnìkan lè ní: ọ̀rọ̀ Òyìnbó nìyẹn. Rárá o. Nínú agboolé tiwa, nígbà tí alámọ̀ là ń kọ́, kò sí baálé tí kò mọ bí ọ̀sọ̀rọ̀ ṣe ń jẹ ìdí ògiri títí tí ògiri á fi dà wó lóru ọjọ́ kan. Bí ẹni méjì bá ń jà lórí ààlà, baálé kì í dájọ́ láti orí ẹní rẹ̀. Yóò pe àwọn àgbà, wọ́n á rìn débẹ̀, wọ́n á wo ibi tí pèrègún wà, wọ́n á bi ẹni tó dàgbà jù ládùúgbò léèrè. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣebí ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe tọ̀tún-tòsì. Ohun tí méyọ̀ Lọ́ńdọ̀n ń ṣe lọ́jọ́ Ẹtì, baálé tiwa ń ṣe é.

Ohun tó yí padà ni ìgboro. A ti kúrò nínú agboolé, a bọ́ sórí pulọ́ọ̀tì 60 sí 120. Ẹni tó wà lápá ọ̀tún rẹ, ìlú rẹ̀ yàtọ̀ sí tìrẹ, o kò mọ baálé rẹ̀, òun náà kò mọ tìrẹ. Ẹ wo ọ̀rọ̀ fẹ́ǹsì. Lágbájá kọ́lé ní ọdún 2005, ó fi owó gọbọi mọ fẹ́ǹsì yíká. Tàmẹ̀dù dé ní 2012, ó bá fẹ́ǹsì nílẹ̀, ó mọ tirẹ̀ kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ta tó kù, ó sì fi ilé ìdáná ti ti Lágbájá. Bí Lágbájá bá bèèrè owó, Tàmẹ̀dù á ní: “Ṣé èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó o kọ́ ọ?” Ọ̀rọ̀ tí Lọ́ńdọ̀n parí ní 1667 pẹ̀lú ìdajì owó àti èlé nìyẹn, òun la ṣì fi ń já ara wa ní aṣọ. Ẹni méjì tó bá kọ èyí sílẹ̀ láàárín ara wọn kí ìpìlẹ̀ tó jinlẹ̀ kò nílò kí ìjọba ṣòfin kankan kí wọ́n tó jẹ àǹfààní rẹ̀.

Àwọn tí a lè mú ọ̀rọ̀ lọ bá kò wọ́n pátápátá. Ní Èkó, ìjọba ìpínlẹ̀ dá ibùdó ìlàjà sílẹ̀ fún ará ìlú ní 1999, ọ̀fẹ́ ni, ọ̀rọ̀ onílé, ayálégbé àti aládùúgbò sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. Àwọn àgbà àdúgbò pẹ̀lú kò tíì di aláìwúlò: ní 1991, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Nàìjíríà sọ ọ́ pé bí ẹni méjì bá fínnúfíndọ̀ gbé ẹjọ́ wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà lábẹ́ àṣà, tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ohun tí wọ́n bá sọ làwọn yóò tẹ̀ lé, tí wọ́n sì gba ìdájọ́ náà nígbà tó jáde, ìdájọ́ yẹn lè dè wọ́n. Ìpàdé àwọn onílé ládùúgbò lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, bí wọ́n bá lè mú bíríkìlà tó mọṣẹ́, tí kì í ṣe ọmọ ẹnìkankan nínú àwọn tó ń jà, dání lọ síbi ògiri.

Nínú gbogbo ìtàn yìí, nǹkan mẹ́ta ni mo rí tó ń parí ìjà ògiri. Àkọ́kọ́, kí o sọ fún aládùúgbò rẹ kí o tó gbẹ́lẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ògiri rẹ̀ bá ti sán. Kí o sì kọ ọ́ sínú ìwé, kódà bẹ́ ẹ bá jọ ń jẹun. Èkejì, kí ẹni kẹta tó mọ ògiri, tí kò sì mọ ẹnìkan jù ẹnìkan lọ nínú yín, wá fojú rí i. Ẹ̀kẹta, kí ẹ pín owó bí ẹ ṣe ń lò ó, kí ẹni tó bà á jẹ́ san ti ìbàjẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, bó bá di dandan, ẹ lè lọ sí kóòtù, ẹ ó tiẹ̀ ti ní fọ́tò àti ìwé lọ́wọ́ tí adájọ́ yóò fi mọ ibi tí òótọ́ wà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní wàhálà nìyí fún ọ̀rọ̀ bíríkì mélòó kan. Ṣùgbọ́n ògiri tó ń sán kì í dúró de ẹni tó ń bínú, àwọn ọmọ tó ń sùn sábẹ́ rẹ̀ kò sì mọ ohun tí àwọn bàbá wọn ń jà sí. Ògiri tó bá ti di ti ẹni méjì, ojú mẹ́rin ló yẹ kó máa wò ó.